Òwú Inú Akoto

Ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹfà: ìyàwó Ẹ̀gbọ́n kú.

Ọjọ́ kẹta oṣù keje: alága ẹgbẹ́ àwọn tó ń kó akoto ogun jọ wá sílé, ó ní èyí tó ṣọ̀wọ́n jù nínú àpótí gíláàsì Ẹ̀gbọ́n kì í ṣe ojúlówó.

Ọjọ́ kẹrin, agogo mẹ́sàn-án àárọ̀: Ẹ̀gbọ́n lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ó fi orúkọ àbúrò rẹ̀ sílẹ̀ pé àbúrò náà ló jí ojúlówó, tó sì fi ayédèrú rọ́pò rẹ̀. Wọ́n ní kí ó dá a dúró sí ṣọ́ọ̀bù ìjórin rẹ̀ títí àwọn yóò fi dé. Ó padà sílé, ó pè é. Ẹ̀gbọ́n máa ń gba gbogbo ìpè sílẹ̀, nítorí àwọn tó ń ta akoto a máa sẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Ohun tí fóònù gbà sílẹ̀ nìyí.

[Aago ń dún. Wọ́n gbé e. Ẹ̀rọ tó ń lọ irin ń pariwo.]

ÀBÚRÒ: Hẹ́lò? Hẹ́lò! Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ kú ìrọ́jú o. Ṣé ẹ rí oorun sùn?

Ẹ̀GBỌ́N: A dúpẹ́. O wà ní ṣọ́ọ̀bù?

ÀBÚRÒ: Ẹ jẹ́ n pa nǹkan yìí ná. [Ẹ̀rọ dákẹ́.] Ẹ̀hẹ́n. Ṣé ẹ ti jẹun?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ní ṣé o wà ní ṣọ́ọ̀bù.

ÀBÚRÒ: Níbo ni kí n wà? Géètì ilé-ìwé kan ni mò ń jó. Ọ̀gá wọn ní ọ̀la lòún ń fẹ́ ẹ. Gbogbo ayé ló ń fẹ́ nǹkan lọ́la. Kò sẹ́ni tó ń fẹ́ ẹ lọ́túnla.

Ẹ̀GBỌ́N: O ò ní jáde?

ÀBÚRÒ: Kí n jáde lọ síbo? Àbí ẹ fẹ́ wá ni?

Ẹ̀GBỌ́N: Bóyá.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀yin? Ẹ fẹ́ wá síbí? Ọdún mẹ́fà tí mo ti kó débí, ẹ ò mọ àwọ̀ ilẹ̀kùn ẹ̀. Ìyàwó wa nìkan ló—

Ẹ̀GBỌ́N: Ìyàwó wa nìkan ló ṣe kí ni?

ÀBÚRÒ: Ó... ó yà síbí lẹ́ẹ̀kan. Hẹ́lò? Hẹ́lò? Ẹ̀gbọ́n, network yìí—

Ẹ̀GBỌ́N: Network ò ṣe nǹkan kan. Mò ń gbọ́ ọ bí ẹni pé a jọ wà lórí àga kan. Kí ló wá ṣe níbẹ̀?

ÀBÚRÒ: Irin ẹsẹ̀ maṣíìnì ìránṣọ ẹ̀ ló dá. Mo bá a jó o.

Ẹ̀GBỌ́N: Irin ẹsẹ̀ maṣíìnì rẹ̀ kò dá rí.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀yin náà! Ìgbà wo lẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ maṣíìnì télọ̀?

Ẹ̀GBỌ́N: Gíláàsì wá sílé lánàá.

ÀBÚRÒ: Ta ní ń jẹ́ Gíláàsì?

Ẹ̀GBỌ́N: Alága ẹgbẹ́ wa. Ẹni tí awò kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

ÀBÚRÒ: Áà! Èyí tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú, tó ń wo ìṣó ara pósí bí ẹni tó fẹ́ mọ ọdún tí wọ́n ṣe é?

Ẹ̀GBỌ́N: Òun ni. Wọ́n fẹ́ mú akoto kan lọ́dọ̀ mi lọ síbi àfihàn. Èyí tí wọ́n ṣe—

ÀBÚRÒ: Èyí tí wọ́n ṣe fún ìdánwò tí wọ́n sì dáwọ́ ẹ̀ dúró, tó jẹ́ pé méje péré ló kù láyé. Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ máa ń kà á sí wa létí bí oríkì.

Ẹ̀GBỌ́N: Ó ní ayédèrú ni.

ÀBÚRÒ: Báwo... báwo ló ṣe mọ̀?

Ẹ̀GBỌ́N: Gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu rẹ. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ á ní irọ́ ni. Ìwọ ní báwo ló ṣe mọ̀.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n! Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ mọ́? Kí lẹ ń sọ?

Ẹ̀GBỌ́N: Jókòó. N ó sọ fún ọ bó ṣe mọ̀. Ṣé o ti jókòó?

ÀBÚRÒ: Mo jókòó.

Ẹ̀GBỌ́N: Ó pa iná yàrá. Ó tan tọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ àlùkò sínú rẹ̀. Òwú ayé ọjọ́un kì í tàn lábẹ́ iná yẹn. Òwú ìsinsìnyí ló ń tàn. Ó tàn. Yípo awọ inú rẹ̀. Funfun báláú.

ÀBÚRÒ: Nítorí òwú lásán?

Ẹ̀GBỌ́N: Ó ti ìka bọ abẹ́ etí rẹ̀, níbi tí irin ti ṣẹ́ kọ́lọ́. Ìdọ̀tí ọgọ́rin ọdún ló yẹ kó wà níbẹ̀. Òógùn. Eruku. Èyí tí kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ ṣe. Ìka rẹ̀ jáde, ó mọ́ tónítóní. Ó ní kí n gbóòórùn rẹ̀.

ÀBÚRÒ: Ẹ gbóòórùn ẹ̀?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo gbóòórùn rẹ̀. Kì í ṣe òórùn irin. Òórùn kan tí mo mọ̀, tí mi ò rántí orúkọ rẹ̀.

ÀBÚRÒ: [jẹ́jẹ́] Olúwa ò.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ọjọ́ tó dé ọwọ́ mi, mo kọ ìwọ̀n rẹ̀ sínú ìwé: ẹgbẹ̀fà gíráàmù. Lánàá, ó fi mọ́kànlélógún dín. Irin kì í rù, àbúrò mi.

ÀBÚRÒ: Ó lè jẹ́ òṣùwọ̀n yẹn ló—

Ẹ̀GBỌ́N: Òṣùwọ̀n mi kì í purọ́. Èèyàn ló ń purọ́.

ÀBÚRÒ: Nọ́ńbà inú ẹ̀ ńkọ́? Ẹ ní wọ́n lu nọ́ńbà sí i nínú. Ẹ wo nọ́ńbà!

Ẹ̀GBỌ́N: Nọ́ńbà náà pé. Nínú gbogbo ẹni tó ń wọ ilé mi, ta ló ní irin tí wọ́n fi ń lu nọ́ńbà sára irin?

[Irin kan já lulẹ̀.]

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Mo gbọ́ yín. Èmi ni mo ní i.

Ẹ̀GBỌ́N: Ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń fi ásíìdì mú irin tuntun dógùn-ún kó jọ ti àtijọ́?

ÀBÚRÒ: Ẹ̀yin lẹ ní kí n kọ́ ọ! Ẹ ní kí n máa ṣe ayédèrú fún yín kí ojú yín lè mú! Gbogbo ọjọ́ Sátidé, èmi pẹ̀lú bọ́ọ̀kẹ́ẹ̀tì ásíìdì, ẹ̀yin pẹ̀lú awò. Ẹ ti gbàgbé?

Ẹ̀GBỌ́N: Mi ò gbàgbé. Èyí tí o ṣe gbẹ̀yìn, ọjọ́ méjì ni mo fi wò ó kí n tó rí àlébù rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé bí ọjọ́ kan bá wà tí ẹnìkan máa tàn mí jẹ, ìwọ ni.

ÀBÚRÒ: Ọjọ́ yẹn lẹ yìn mí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí ẹ yìn mí láyé mi. Ẹ wá fi gé mi lórí lónìí.

Ẹ̀GBỌ́N: Lọ́jọ́ ìsìnkú, o gba ẹ̀yìn ilé jáde.

ÀBÚRÒ: Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀GBỌ́N: Nọ́ọ̀sì.

ÀBÚRÒ: Ọmọ yín?

Ẹ̀GBỌ́N: Ọmọ mi. Ó dúró lójú fèrèsé. O gbé báàgì dúdú. Nǹkan róbótó wà nínú rẹ̀. Ó ní o gbé e mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ.

ÀBÚRÒ: Ọmọ yẹn! Àfi bí ọlọ́dẹ. Bó ṣe ń sunkún náà ló ń ṣọ́ èèyàn.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ló wà nínú báàgì?

ÀBÚRÒ: Irinṣẹ́ mi.

Ẹ̀GBỌ́N: O kó irinṣẹ́ wá síbi ìsìnkú ìyàwó mi?

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ á fi ọ̀rọ̀ yìí—

Ẹ̀GBỌ́N: A kò tíì bo ilẹ̀ tán lójú rẹ̀. Àwọn èèyàn ṣì ń jókòó. Ìwọ ń gba ẹ̀yìn ilé. Kí ló wà nínú báàgì?

ÀBÚRÒ: Mi ò lè sọ ọ́.

Ẹ̀GBỌ́N: O ò lè sọ ọ́.

ÀBÚRÒ: Mo ṣèlérí fún ẹnìkan.

Ẹ̀GBỌ́N: Ta ni? Ẹni tí o tà á fún?

ÀBÚRÒ: Mi ò ta nǹkan kan! Ẹni tí mo ṣèlérí fún ò sí níbi tó ti lè tú mi sílẹ̀ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Ogójì ọdún ni mo fi ń dá akoto mọ̀. Wọ́n ti gbé èyí tí wọ́n sin sí àkìtàn fún ọdún kan wá fún mi. Wọ́n ti gbé èyí tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ adìyẹ kùn wá. Mo wo gbogbo wọn, mo dá gbogbo wọn padà. Ní ẹgbẹ́, bí mo bá ní ó dára, wọn kì í tún un wò. Lánàá, Gíláàsì wo ojú mi bí ẹni pé èmi gan-an ló ṣe é. Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Mò ń— [ohùn já] —lọ́dọ̀ yín báyìí.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí lo sọ?

ÀBÚRÒ: Mo ní mò ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ fóònù. Ẹ jẹ́ n ti ilẹ̀kùn, n ó gun ọ̀kadà—

Ẹ̀GBỌ́N: Má kúrò níbẹ̀!

ÀBÚRÒ: Kí ló dé?

Ẹ̀GBỌ́N: Kò sí. Jókòó. Sọ ọ́ níbi tí o wà.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n, ta ló wà lọ́dọ̀ yín?

Ẹ̀GBỌ́N: Èmi nìkan ni.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ bi mí pé ṣé mo wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ bi mí pé ṣé mi ò ní jáde. Ẹ ní kí n jókòó. Ìgbà wo lẹ ti ní kí n jókòó rí? Ilé yín gan-an, ìdúró ni mo máa ń wà.

Ẹ̀GBỌ́N: Mò ń bi ọ́ ní ìbéèrè, o ń bi mí.

ÀBÚRÒ: Nítorí ohùn yín yàtọ̀ ni. Ó dà bí ohùn ẹni tó ń wo aago.

[Aago ara ògiri ń dún lápá ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbọ́n.]

ÀBÚRÒ: Ó dáa. Ó ti tó. Kí ó dárí jì mí níbi tó wà. Ẹ̀gbọ́n, akoto yẹn dà?

Ẹ̀GBỌ́N: Ó wà níwájú mi, lórí tábìlì.

ÀBÚRÒ: Ẹ dojú ẹ̀ sókè. Ẹ wá ibi tí òwú yẹn parí sí lára awọ. Ẹ gbé awọ ibẹ̀ sókè.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìwọ kọ́ ni o máa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wo—

ÀBÚRÒ: Ẹ gbé e sókè! Kí lẹ rí?

[Nǹkan ń ha irin.]

Ẹ̀GBỌ́N: Kókó.

ÀBÚRÒ: Mélòó?

Ẹ̀GBỌ́N: Mẹ́ta. Ara wọn mọ́ ara. Ìrù òwú díẹ̀ yọ jáde. Wọn kò gé e mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀lẹ.

ÀBÚRÒ: Ẹ má pè é ní iṣẹ́ ọ̀lẹ. Ẹ̀wù wo lẹ wọ̀?

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ni ẹ̀wù mi ní í ṣe pẹ̀lú—

ÀBÚRÒ: Mo mọ̀ pé ìyàwó wa ló rán an. Kò sí èyí tí kì í ṣe òun ló rán an. Ẹ yí etí ọwọ́ ẹ̀ sí òdì. Ẹ wo ibi tí òwú parí sí.

Ẹ̀GBỌ́N: O ń fi mí ṣeré.

ÀBÚRÒ: Ẹ yí i sí òdì, Ẹ̀gbọ́n.

[Aṣọ ń dún.]

ÀBÚRÒ: Mélòó?

Ẹ̀GBỌ́N: Mẹ́ta.

ÀBÚRÒ: Ìrù ẹ̀ ńkọ́?

Ẹ̀GBỌ́N: Ó wà níbẹ̀.

ÀBÚRÒ: Mo máa ń tìtorí ìrù yẹn fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, ìyàwó wa, kí ló dé tí ẹ kì í gé òwú mọ́lẹ̀? Ó ní ọkọ mi oníná, ẹni tó bá gé òwú mọ́lẹ̀ kò ronú pé ẹnìkan máa nílò láti tú u lọ́jọ́ kan.

Ẹ̀GBỌ́N: Nígbà wo?

ÀBÚRÒ: Oṣù kejìlá. Ẹ lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ yín. Ó ti gbọ́ pé wọ́n máa wá wo akoto lọ́dún tuntun. Ó fẹ́ kó máa dán lójú wọn. Ó gbé e bọnú omi ọṣẹ.

Ẹ̀GBỌ́N: Ọṣẹ.

ÀBÚRÒ: Èyí tó fi ń fọ ọrùn ẹ̀wù yín.

Ẹ̀GBỌ́N: Òun ni òórùn náà.

ÀBÚRÒ: Awọ wú, òwú já, gbogbo ẹ̀ tú sí i lọ́wọ́. Ó fi aṣọ ìnura wé e wá síbí. Ó ní ọkọ mi, mo ti pa akoto ẹ̀gbọ́n yín.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ló dé tí kò sọ fún mi?

ÀBÚRÒ: Ẹ rántí ọdún tó nu inú àpótí gíláàsì?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo rántí.

ÀBÚRÒ: Ọjọ́ mẹ́rin lẹ ò fi bá a sọ̀rọ̀. Nítorí eruku.

Ẹ̀GBỌ́N: Ọjọ́ mẹ́ta ni.

ÀBÚRÒ: Mẹ́rin ló kà. Ẹ̀gbọ́n? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

Ẹ̀GBỌ́N: Báàgì dúdú ńkọ́?

ÀBÚRÒ: Orí irin ni. Kò rí nǹkan gbé akoto lé tó bá ń rán an, ó ń yí gbirigbiri lórí tábìlì. Mo bá jó orí kan fún un. Orí yín.

Ẹ̀GBỌ́N: Orí mi?

ÀBÚRÒ: Ìwọ̀n orí yín. Ẹ sùn sórí àga lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó fi téèpù wọ̀n yín. Ẹ ní ta nìyẹn? Ó ní eṣinṣin ni. Ẹ tún bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Ó sọ ọ́ fún mi níbí, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikọ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo rántí eṣinṣin yẹn.

ÀBÚRÒ: Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ ló tọ́jú orí yẹn sí. Nígbà tí àìsàn wá le, ó ní bí nǹkan bá ṣe òun, kí n tètè wá gbé e kí ẹ tó rí i, kí ẹ má baà bi òun ní ìbéèrè nígbà tí òun kò lè dáhùn mọ́. Ọjọ́ ìsìnkú ni mo tó ráyè wọlé.

Ẹ̀GBỌ́N: Mọ́kànlélógún gíráàmù ńkọ́?

ÀBÚRÒ: Ìdọ̀tí ni. Àti ègé awọ kan tó ti jẹrà tí kò ṣeé rán mọ́. Ó fi awọ báàgì ara ẹ̀ lẹ̀ ẹ́. Ègé àtijọ́ wà nínú agolo níbí. Mi ò lè jù ú. Ó fi òwú di kókó mọ́ ọn.

Ẹ̀GBỌ́N: Nígbà náà, akoto yìí—

ÀBÚRÒ: Òun náà ni. Original. Ó kàn wẹ̀ ni.

Ẹ̀GBỌ́N: Ó wẹ̀.

ÀBÚRÒ: Ẹ má bínú sí i.

Ẹ̀GBỌ́N: Àbúrò mi, fetí sílẹ̀. Ti ṣọ́ọ̀bù yẹn. Jáde báyìí. Gun ọ̀kadà, máa bọ̀ níbí.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀yin lẹ ní kí n má kúrò!

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ní jáde báyìí. Gba ẹ̀yìn. Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Ṣọ́ọ̀bù ò ní ẹ̀yìn, ògiri ni. Kí ló— ẹ dúró. [Ìró ọkọ̀. Wọ́n ń lu irin.] Àwọn kan wà níwájú.

Ẹ̀GBỌ́N: Fún wọn ní fóònù.

ÀBÚRÒ: Mélòó nìyí? Mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n, ọlọ́pàá ni. Bóyá ọ̀rọ̀ géètì— Ẹ káàárọ̀ sà!

OHÙN KAN: Ìwọ ni wẹ́dà? Gbé ọwọ́ kúrò lára irin yẹn.

ÀBÚRÒ: Mo ti gbé e sà. Ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Àgbàlagbà ni, ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ wọ́n—

OHÙN KAN: Báàgì dúdú dà?

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ nípa báàgì?

Ẹ̀GBỌ́N: Fún wọn ní fóònù. Sọ fún wọn pé mo ti ṣe àṣìṣe. Akoto wà lọ́wọ́ mi. Ojúlówó ni. Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Ẹ̀yin àti Nọ́ọ̀sì nìkan lẹ mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé o gbọ́ mi? Sọ fún wọn—

OHÙN KAN: Ìwọ, sọ fóònù yẹn kalẹ̀.

ÀBÚRÒ: Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ní kí n jókòó.

Ẹ̀GBỌ́N: Èmi ni mo rán wọn. Èmi ni, àbúrò mi. Mo— ṣé o gbọ́—

[Nǹkan já lulẹ̀. Ìpè parí.]

Ohun tó kù nílẹ̀:

Akoto kan. Ẹgbẹ̀fà gíráàmù, ó dín mọ́kànlélógún.

Ìwé pélébé kan tí Gíláàsì fọwọ́ sí: kì í ṣe ojúlówó.

Maṣíìnì ìránṣọ kan. Irin ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dá. Òwú funfun ṣì wà lójú abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀wù mọ́kàndínlógún. Èyí tó wà lọ́rùn Ẹ̀gbọ́n, etí ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún ṣì wà ní òdì.

Ọṣẹ, ó ku bíi ìlàjì.

Ní ṣọ́ọ̀bù: géètì ilé-ìwé kan tí kò tíì parí. Fóònù kan nílẹ̀, ojú rẹ̀ ti fọ́. Agolo kan tí àwọn ọlọ́pàá ṣí, tí wọ́n wo inú rẹ̀, tí wọ́n sì fi sílẹ̀ nítorí wọ́n rò pé ìdọ̀tí ni.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá: orí irin kan, ìwọ̀n orí Ẹ̀gbọ́n, tí wọ́n so nọ́ńbà mọ́. Ìwé ẹ̀sùn kan, Ẹ̀gbọ́n ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́.

Lórí fóònù Ẹ̀gbọ́n: ìpè mọ́kànlá tí kò sẹ́ni tó gbé.